Àwọn Àgbààgbà Jésírẹ́ẹ́lì Ṣì Wà Láàrin Wa

Tí a bá ń sọ ìtàn Nábótì, orúkọ méjì ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa: Áhábù àti Jésébẹ́lì. Ọba lójúkòkòrò, ìyàwó rẹ̀ sì burú. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní kékeré nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 21, kà ní sáà tó kọjá, àwọn mìíràn ni ojú mi lọ sára wọn.

Ẹ jẹ́ kí n rán wa létí. Nábótì ní ọgbà àjàrà kan ní Jésírẹ́ẹ́lì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Áhábù. Ọba fẹ́ fi ibẹ̀ gbin ẹ̀fọ́. Ó ní òun yóò fún un ní ọgbà tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kí òun sanwó. Nábótì kọ̀, nítorí ogún àwọn baba rẹ̀ ni. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. A mọ ohun tí ilẹ̀ ẹbí jẹ́. Nínú èdè wa, àmì ohùn kan péré ló ya ogún sọ́tọ̀ sí ogun. Ní Jésírẹ́ẹ́lì, kò pẹ́ tí ọ̀kan fi di èkejì.

Áhábù lọ dùbúlẹ̀, ó yí ojú padà, kò jẹun. Odidi ọba, nítorí oko ẹ̀fọ́! Jésébẹ́lì bá kọ lẹ́tà ní orúkọ ọba, ó lu òǹtẹ̀ ọba mọ́ ọn, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn àgbààgbà àti ọlọ́lá ìlú Nábótì. Kí wọ́n kéde ààwẹ̀. Kí wọ́n fi Nábótì jókòó síwájú. Kí wọ́n wá ẹlẹ́rìí èké méjì tí yóò sọ pé ó bú Ọlọ́run àti ọba. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n sọ ọ́ lókùúta pa.

Ibí ni mo dúró sí. Jésébẹ́lì kò fọwọ́ kan òkúta kankan. Àwọn àgbààgbà ló ṣe gbogbo rẹ̀, ará ìlú kan náà sì ni àwọn àti Nábótì. Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí àwọn gan-an ni wọ́n rán láti wá ẹlẹ́rìí èké. Síbẹ̀, kò sí ibi tí Bíbélì ti sọ pé ẹyọ ẹnì kan nínú wọn béèrè ìdí.

Mo mọ̀ wọ́n dáadáa, nítorí mo ti jókòó sí àga wọn rí. Lọ́dún tó kọjá, mo wà nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan. Wọ́n gbé ìṣirò owó ayẹyẹ wá kí gbogbo wa buwọ́ lù ú. Kò sí rìsíìtì fún owó jẹnẹrétọ̀, kò sí fún ti àga. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní kan ti béèrè lórí WhatsApp, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo wo ojú àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo buwọ́ lù ú. N kò jẹ kọ́bọ̀ nínú owó náà. Ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú nìyẹn. Àmọ́ àwọn àgbààgbà Jésírẹ́ẹ́lì náà, a kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni pín ọgbà àjàrà fún wọn.

Ẹnìkan lè sọ pé ọba ni Ọlọ́run rán Èlíjà sí, kì í ṣe àwọn àgbààgbà. Òótọ́ ni, ẹ̀bi aṣáájú ló wúwo jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí Èlíjà dé, Nábótì ti kú. Àwọn tó lè gbà á sílẹ̀ láàyè ni àwọn tí lẹ́tà dé ọwọ́ wọn.

Ìbò ẹgbẹ́ wa ń bọ̀. A ó bi àwọn olùdíje ní ìbéèrè, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Kí a bi ara wa náà pé: bí lẹ́tà bá dé ọwọ́ mi, kí ni n ó ṣe?

Mo ti lọ bẹ akẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ti tán. Ṣùgbọ́n ẹ bá ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.”