Ẹ̀rí Ni Kí Wọ́n Bèèrè, Kì í Ṣe Gbogbo Ìwé Wa

Kò sí ohun tí wọn kì í gba fọ́tòkópì NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, fún mọ́ ní Nàìjíríà yìí. Ẹni tó fẹ́ ra síìmù, wọ́n á ní kó mú un wá. Ẹni tó fẹ́ ṣí àkáǹtì, ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB, ẹni tó fẹ́ gba páspọ́ọ̀tù, NIN ni. Onílé tó fẹ́ fi yàrá kan háyà pàápàá ti ń bèèrè rẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti fọ́tòkópì ni mò ń ṣe ní Ìwó Road, n'Ìbàdàn, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn oníbàárà mi á fi àwòrán sílíìpù wọn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé kí n bá wọn tẹ̀ ẹ́ jáde: orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà 11, àti ojú wọn gan-an. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ìṣojú wọn ni mo ti máa ń pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń wá yẹ̀ mí wò bóyá mo pa á rẹ́ lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń yẹ akọ̀wé tí wọ́n ń gbé fọ́tòkópì náà lọ fún wò.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative kígbe síta pé àwọn kan ń ta NIN àti BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì) àwọn ọmọ Nàìjíríà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní 100 náírà péré. NIMC, àjọ tó ń bójú tó NIN, ní kò sẹ́ni tó já wọ inú àkọsílẹ̀ àwọn. Lójú tèmi, ibi tó yẹ ká wò ni gbogbo dúrọ́ọ̀ tí a ti kó ìwé ara wa sí. Ohun tí a ti fún ẹgbẹ̀rún èèyàn, ta la fẹ́ mú pé òun ló tà á?

Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn pé ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí ìlànà orílẹ̀-èdè lórí blockchain láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé owó Bitcoin nìkan ni blockchain wà fún. Ẹ jẹ́ kí n fi àjọ dídá ṣàlàyé rẹ̀. Alájọ ní ìwé tirẹ̀, ìwọ náà ní káàdì tìrẹ. Bó bá ní ìgbà 27 lo dá, káàdì ọwọ́ rẹ á jẹ́rìí pé 30 ni. Ká wá ní gbogbo ẹni tó ń dá àjọ náà ló ní ẹ̀dà odindi ìwé yẹn lọ́wọ́, tí ojú ewé kọ̀ọ̀kan sì ní àmì tí wọ́n fi ìṣirò fà yọ láti ara èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá yọ́ kẹ́lẹ́ yí nǹkan padà lójú ewé kẹta, àmì ojú ewé kẹrin kò ní bá a mu mọ́, ti karùn-ún kò ní bá a mu, títí dé òpin ìwé. Gbogbo àwọn tó ní ẹ̀dà á sì rí i.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù ni pé kí ẹnì kan ní Àbújá má lọ rò pé orúkọ àti ìtẹ̀ka wa ló yẹ kí wọ́n kó sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kò lè pa rẹ́ kò yẹ lóhun tí à ń kó àṣírí èèyàn sí. Estonia, tí èèyàn ibẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀, mọ èyí. Lẹ́yìn tí wọ́n kọlù wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2007, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ọgbọ́n yìí ṣọ́ àkọsílẹ̀ ìjọba, títí kan ti ilé ìwòsàn. Wọn kò kó orúkọ aláìsàn síbẹ̀ o. Àmì tí wọ́n fi ìṣirò fà yọ láti ara àkọsílẹ̀ ni wọ́n fi síbẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án.

Ní ti ìdánimọ̀, orílẹ̀-èdè Bhutan ṣe é débi tó wọ ọwọ́ aráàlú. Lọ́dún 2023, ọmọ ọba wọn ni wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánimọ̀ náà. Ìjọba á fún èèyàn ní ẹ̀rí tó ti lu òǹtẹ̀ sí, á wà lórí fóònù onítọ̀hún. Kọ́kọ́rọ́ tí èèyàn fi ń yẹ òǹtẹ̀ náà wò ló wà lórí blockchain. Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti pé ọmọ ọdún 18, irú ẹ̀rí báyìí lè dá a lóhùn pé “bẹ́ẹ̀ ni”, láìsọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi, láìsọ àdírẹ́sì mi. Mélòó nínú àwọn tó ń gba fọ́tòkópì lọ́wọ́ wa ló nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá pe orúkọ blockchain ló yẹ ká tẹ̀ lé. Ní Nairobi, lọ́dún 2023, èrò tò lọ rẹrẹẹrẹ kí iléeṣẹ́ Worldcoin lè ya àwòrán ẹyinjú wọn nítorí owó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìjọba Kenya dá a dúró ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ilé ẹjọ́ gíga sì pàṣẹ lọ́dún 2025 pé kí wọ́n pa ohun tí wọ́n gbà rẹ́. Ebi ló ń lé àwọn tó tò yẹn, ebi sì wà níbí náà.

Ohun kan tún wà tí kò sí ẹ̀rọ tó lè bá wa ṣe. Lójoojúmọ́ ni mò ń rí èèyàn tí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú orúkọ BVN rẹ̀ yàtọ̀ sí ti NIN, tí owó rẹ̀ sì há sí báńkì. Ìyá tó ń ta elùbọ́ kò mọ ẹni tó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sódì, òun ló sì máa san owó àtúnṣe. Láti ọdún 2025, 28,574 náírà ni NIMC ń gbà láti tún ọjọ́ ìbí ṣe. Bí a bá lu òǹtẹ̀ tí kò ṣeé yí padà lé irọ́, irọ́ náà á kàn lágbára sí i ni. Kí wọ́n máa tún àṣìṣe tí òṣìṣẹ́ wọn ṣe ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ blockchain rárá.

Àti fóònù. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò ju èyí tó ní tọ́ọ̀ṣì lọ, níbo ló máa kó ẹ̀rí rẹ̀ sí? Ẹni tí wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀, ṣé ó ti di aláìlórúkọ nìyẹn? Àfi kí káàdì wà, kí ọ̀nà tí èèyàn lè gbà rí ẹ̀rí rẹ̀ gbà padà sì wà ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, láìsí pé a wọkọ̀ lọ sí olú-ìlú ìpínlẹ̀.

Kó tó di ìgbà náà, ohun kan wà nílẹ̀ tí kò ní blockchain nínú. Láti ọdún 2022 ni NIMC ti gbé vNIN jáde: lẹ́tà àti nọ́ńbà 16 tí èèyàn lè fúnra rẹ̀ gbà lórí fóònù, kódà pẹ̀lú kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *346, tó wà fún iléeṣẹ́ kan ṣoṣo, tí á sì kú lẹ́yìn wákàtí 72. Àwọn oníbàárà mi tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀, nítorí àwọn tó ń rán wọn níṣẹ́ fọ́tòkópì kì í bèèrè rẹ̀. Kí ìjọba pàṣẹ fún báńkì, ilé ẹ̀kọ́ àti iléeṣẹ́ gbogbo pé wọn kò gbọdọ̀ gba fọ́tòkópì NIN mọ́, kí NDPC, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú, tí òfin ọdún 2023 gbé dìde, sì máa bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá tún gbà á. Iṣẹ́ mi á dín kù, mo mọ̀. Mo fara mọ́ ọn.