Omi Híhó Nìkan Kò Tó: Ọ̀rọ̀ Abẹ, Sísọ́ọ̀sì àti Abẹ́rẹ́ Láàárín Wa

  Mo mọ̀ pé oríyìn àti ìkíni ló sábà máa ń kún inú ìwé ìrántí wa yìí. Ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí korò díẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, níbi ìkómọjáde kan ní àdúgbò wa, wọ́n pe ẹnì kan tó ń dá abẹ́ fún àwọn ọmọkùnrin wá sílé. Ó gbé ìkòkò kékeré kan ka orí sítóòfù, sísọ́ọ̀sì àti abẹ ń yí nínú omi tó ń hó. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi yọ wọ́n, ó rì wọ́n sínú Dẹ́tọ́ọ̀lù, ó ní ó yá. Mo béèrè pé ta ló lo irin náà fún gbẹ̀yìn. Ó ní ọmọ kan ni, láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Kí n tó tún sọ̀rọ̀, àgbà kan ti dá mi lóhùn: "Ìwọ náà ńkọ́? Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe dá tìrẹ." Ojú tì mí, mo dákẹ́. Ọmọ náà yè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n yíyè tó yè kì í ṣe ẹ̀rí pé irin náà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí n kò lè sọ lọ́jọ́ náà. Omi híhó a máa pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn, kì í pa gbogbo wọn. Èyí tó ń fa tẹ́tánọ́ọ̀sì, tó ń mú kí ọmọ tuntun gan, kí ẹnu rẹ̀ dì, kó má lè mu ọmú mọ́, alárékérekè ni. Bí ibi tó wà bá le fún un, á wọnú èèpo líle kan bí èkùrọ́ ṣe ń wà nínú èèpo tirẹ̀, á sì sùn síbẹ̀. Omi híhó kò lè fọ́ èèpo yẹn. Dẹ́tọ́ọ̀lù kò lè fọ́ ọ. Ísáàlì náà kò lè fọ́ ọ.

Tiwa ní Jos tilẹ̀ tún burú sí i. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù: ẹ̀wà ń pẹ́ lórí iná níbí ju bó ti ń pẹ́ ní Èkó lọ. Ìdí ni pé orí òkè la wà, ìlú wa ga ju etí òkun lọ ní nǹkan bí mítà 1,200. Ní Èkó, omi ń hó nígbà tí gbígbóná rẹ̀ bá dé 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Níbí, nǹkan bí 96 ló ti ń hó, bí a sì kó gbogbo igi oko sábẹ́ rẹ̀, kò ní gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tí kò lè tètè se ẹ̀wà jinná la ní kó wẹ abẹ mọ́ fún ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ!

Ohun tó lè ṣe iṣẹ́ yìí ni ẹ̀rọ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní autoclave. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Charles Chamberland, ló ṣe é ní 1879. Ó jọ ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ tí a fi ń se ẹran. Ó ń dé ooru omi mọ́lẹ̀ pinpin títí gbígbóná rẹ̀ á fi dé 121, á sì wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Èyí tí a bá fi aṣọ wé á tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Nítorí òkè tí a wà, ọwọ́ aago rẹ̀ tí ìwé ní kó dúró sí 15 gbọ́dọ̀ dé nǹkan bí 17 ní Jos. Ọṣẹ la sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi fọ irin náà, torí ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá gbẹ mọ́, ooru kì í ráyè débẹ̀ dáadáa.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni mò ń sọ, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Yambuku, ní orílẹ̀-èdè Kóńgò tí wọ́n ń pè ní Zaire nígbà náà, ní 1976. Abẹ́rẹ́ márùn-ún péré ni wọ́n ń kó fún àwọn nọ́ọ̀sì láràárọ̀. Wọ́n á fi gún ẹnì kan, wọ́n á ṣàn án nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á tún fi gún ẹlòmíràn. Àrùn Ebola gba ibẹ̀ ràn. Nínú ènìyàn 318 tó mú, 280 ló kú.

Àwọn kan á ní, "Àwọn bàbá wa kò ṣe gbogbo èyí, a ṣì wà láyé." Ẹ dákun, ẹni tó ti kú kì í wá sípàdé wá ròyìn. Mélòó nínú àwọn tí a pè ní àbíkú ló jẹ́ pé abẹ tí wọ́n fi gé ìwọ́ wọn ló pa wọ́n? Àwọn mìíràn á ní kò síná. Èyí tí wọ́n ń gbé ka orí gáàsì tàbí sítóòfù wà. Wọ́n á ní owó ńkọ́? Ẹgbẹ́ tó ń dá aṣọ lọ́dọọdún kò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ létí mi!

Nítorí náà, mo ń béèrè ohun mẹ́ta. Èkíní, kí ẹgbẹ́ wa fi aṣọ ọdún kan sílẹ̀, kí a fi owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ yìí fún àwọn nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa, tí wọ́n ń tọ́jú wa. Èkejì, abẹ, abẹ́rẹ́ àti sìríǹjì, ẹnì kan ṣoṣo ni kí a lò ó fún, kí a tú u nínú ìwé rẹ̀ lójú wa, kí a sì jù ú nù. Ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ kan lu etí ọmọ mẹ́wàá lọ́jà, ó lè fi hepatitis B ta wọ́n lọ́rẹ. Ẹ̀kẹta, ẹ máa béèrè. Ẹ kí nọ́ọ̀sì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo lẹ ṣe pa kòkòrò ara irin yìí?" Bí kò bá ní èsì gidi, ẹ gbé ọmọ yín, kí ẹ máa lọ.

Èmi dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn. N kò ní dákẹ́ mọ́. Olúwa kò ní jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa ṣe ọmọ wa.