Ọmú Ọmọ Ta Ni Òkété Ń Mu ní Egan?

Yorùbá ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni ó ń mu. Òwe náà dùn létí, wọ́n sì ń fi í yangàn níbi ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dé Egan lónìí, lójú òpópónà tí ó lọ láti LASU sí Ìṣẹ̀rì, tí ó yà sí àwọn àdúgbò tí ilé wọn ní ọgbà gíga àti géètì onírin, yóò rí i pé ọmú tí òkété ń mu kì í ṣe ti ọmọ rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ wà ní Manchester, ní Houston, ní Lẹ́kí. Baba wà ní yàrá ìsàlẹ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Ẹni tí ó dúró tì í jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn, tí gbogbo ilé ń pè ní "Nọ́ọ̀sì," yálà ó ní ìwé ẹ̀rí tàbí kò ní.

Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kò sí ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa àwọn nọ́ọ̀sì orílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n ní owó pọ́n-ùn ti wọ̀ wọ́n lójú. Wọ́n ní wọn kò nífẹ̀ẹ́ ìlú wọn. Wọ́n ní iṣẹ́ àánú ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, pé ẹni tí ó bá ń ka owó kò yẹ ní ẹni tí ń ṣe é. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n nínú gbogbo ariwo náà ni kí ẹnìkan béèrè irú iṣẹ́ tí ilé fi lọ nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń bú, pàápàá jù lọ nídìí títọ́jú àwọn arúgbó.

Ẹ wo iṣẹ́ náà bí ó ti rí. Ẹni tí kò lè dá yíra padà lórí ibùsùn, ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa yí i ní wákàtí méjì-méjì, lọ́sàn-án àti lóru, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn àti ìbàdí rẹ̀ yóò di egbò, egbò náà yóò sì jẹ dé egungun. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ bọ́ ọ pẹ̀lú sùúrù kí oúnjẹ má baà gba ọ̀nà ọ̀fun kejì lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ pààrọ̀ pámpáàsì rẹ̀, kí ó wẹ̀ ẹ́, kí ó tọ́jú rọ́bà tí ìtọ̀ rẹ̀ ń gbà jáde, kí ó wọn ìfúnpá rẹ̀, kí ó mọ èyí tí ó jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yàtọ̀ sí èyí tí ó jẹ́ oògùn àtọ̀gbẹ, kí ó sì mọ ọjọ́ tí ó yẹ kí ó má lo ọ̀kan nínú wọn. Bí ó bá jẹ́ Màmá ni àìsàn ìgbàgbé ń bá jà, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀. Màmá yóò jí ní agogo méjì òru, yóò ní òun fẹ́ lọ sí ọjà, yóò gbá nọ́ọ̀sì létí, yóò pè é ní olè. Ní òwúrọ̀, Màmá kò ní rántí. Nọ́ọ̀sì yóò rántí, ṣùgbọ́n yóò tún kúnlẹ̀ kí i pé, "Ẹ káàárọ̀ mà."

Ìbàdí ẹni tí ń gbé ara ẹlòmíràn sókè lójoojúmọ́ kì í pẹ́ dùn ún. Ẹni tí ó ti gbé arúgbó rí mọ̀ pé ènìyàn méjì ni ó yẹ kí ó gbé e. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ẹnìkan ṣoṣo ni.

Ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní Ìgàndó kò lè gbà wọ́n dúró. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, láti ìgbà náà wá sì ni ilé ń pọ̀ sí i ní Egan, ní Ìkọ̀tún àti ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ibùsùn ilé ìwòsàn wà fún ẹni tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù. Bí ẹ̀mí bá ti dúró, wọn yóò ní kí ẹ máa gbé baba lọ sílé. Láti ọjọ́ náà lọ, ó lè jẹ́ oṣù mẹ́fà, ó lè jẹ́ ọdún mẹ́wàá, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti kúrò lọ́wọ́ ìjọba, ó ti di iṣẹ́ inú ilé. Bí ó bá sì ti di iṣẹ́ inú ilé ní Nàìjíríà, owó ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọn yóò fẹ́ san fún un.

Òfin ni ó kọ́kọ́ tì í sí ìta. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ gbé owó oṣù tó kéré jù lọ dé 70,000 náírà, lẹ́yìn náà ni ìpínlẹ̀ Èkó kéde 85,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n òfin owó oṣù ti ọdún 2019, tí wọ́n tún owó inú rẹ̀ ṣe, yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25 sílẹ̀. Ilé ìtọ́jú arúgbó mélòó ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́ ni ó ní òṣìṣẹ́ 25? Ìdílé wo ni ó gba òṣìṣẹ́ 25 láti tọ́jú baba kan? Nítorí náà, ẹni tí ó gba nọ́ọ̀sì sílé lè san ohunkóhun tí ó bá wù ú, òfin owó oṣù kò ní bá a wí.

Ká tilẹ̀ ní ó san 70,000 náà pé. Iṣẹ́ wákàtí 12 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, jẹ́ wákàtí 288 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí ẹ bá pín owó náà, kò tó 250 náírà fún wákàtí kan. Ẹ yọ owó kórópe àti kẹ̀kẹ́ Márúwá kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí ń gbé nínú ilé pẹ̀lú arúgbó kò tilẹ̀ ní wákàtí tí a lè kà, nítorí pé orun rẹ̀ pàápàá jẹ́ ti ẹni tí ń tọ́jú. Wọn yóò ní, "Ṣebí a ń fún un ní oúnjẹ àti ibùsùn?" Oúnjẹ àti ibùsùn! Wọ́n ń fún ajá tí ń ṣọ́ géètì náà ní oúnjẹ àti ibùsùn.

Ẹ̀tàn tí ó wà nínú orúkọ "Nọ́ọ̀sì" náà tún burú jù. Ní Nàìjíríà, ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí kò lẹ́tọ̀ọ́ lábẹ́ òfin láti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Síbẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin tí ó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, tí ó lo oṣù mélòó kan ní ilé ìwòsàn aládàáni, ni wọ́n ń wọ̀ láṣọ funfun tí wọ́n sì ń gbé lé arúgbó lórí. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà. Ebi ni ó ń pa á, àwọn tí ó rán an sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń jèrè: wọ́n ń gba owó nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ìdílé, wọ́n ń san owó ọmọ iṣẹ́ fún ọmọ náà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gidi tí ó ní ìwé ẹ̀rí bá wá béèrè iṣẹ́ kan náà, wọn yóò sọ fún un pé ẹlòmíràn wà tí yóò gba ìdajì. Báyìí ni wọ́n ṣe ń fi aláìmọ̀ṣẹ́ já owó ọ̀mọ̀ṣẹ́ wálẹ̀, arúgbó ni ó sì ń fi egbò ẹ̀yìn san èlé rẹ̀.

Ta ni yóò wá yan iṣẹ́ yìí? Nọ́ọ̀sì tí ó gba iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní ipò tí yóò máa gùn, ó ní owó ìfẹ̀yìntì, ó ní ẹgbẹ́ tí yóò gbèjà rẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ tọ́jú arúgbó ní Egan lè lo ọdún mẹ́wàá, kí ó ní ìmọ̀ tí ìwé kò lè kọ́ni, kí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹni tí ó sùn àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹni tí ń lọ, síbẹ̀ kí ó ṣì wà ní ipò tí ó bá dé. Bí arúgbó náà bá kú, iṣẹ́ ti bọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í tilẹ̀ rántí rẹ̀ nínú ètò ìsìnkú, àyàfi pé kí ó bá wọn pín oúnjẹ.

Èsì tí àwọn aláṣẹ ní sí gbogbo èyí ni pé kí wọ́n mọ odi. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, aṣòfin Ganiyu Johnson láti Oshòdì-Ìsọlọ̀ gbé àbádòfin kan dé ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin pé kí dókítà ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún nílé kí ó tó gba ìwé àṣẹ ní kíkún. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ó kan àwọn nọ́ọ̀sì: ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso wọn pàṣẹ pé ẹni tí kò bá tíì ṣiṣẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn tí ó gba ìwé àṣẹ kò ní rí ìjẹ́rìí gbà ránṣẹ́ sí òkè òkun. Àwọn nọ́ọ̀sì tú síta ní Àbújá àti ní Èkó. Ẹnu kò yà wọ́n nítorí ọdún méjì. Ohun tí ó dùn wọ́n ni pé ẹni tí kò pèsè iṣẹ́ tí ó dára fún ọjọ́ kan ń fi ọdún méjì dè wọ́n.

Àwọn tí ń gbè sẹ́yìn òfin náà ní owó ìlú ni wọ́n fi kọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, òbí wọn ni ó ta ilẹ̀, tí ó dá èésú, láti san owó ilé ẹ̀kọ́ aládàáni. Àwọn tí ìjọba sì kọ́ lóòótọ́ ńkọ́? Ìlú tí ó kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti retí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òótọ́ ni. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti retí pé kí ó ṣe é lófẹ̀ẹ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí gùn lé ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2025, lára ohun tí wọ́n béèrè ni àfikún owó iṣẹ́ òru àti owó aṣọ iṣẹ́. Owó aṣọ iṣẹ́, ní ọdún 2025.

Ẹ̀wẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ya òkè òkun ní ọ̀run. Láti oṣù Kejì ọdún 2022 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣí físà sílẹ̀ fún àwọn olùtọ́jú arúgbó, nọ́ọ̀sì tí ó ní ìwé ẹ̀rí láti ilé sì gbà láti lọ ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni: yíyí, wíwẹ̀, bíbọ́. Ìyàtọ̀ ni pé ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, owó tó kéré jù lọ fún wákàtí kan níbẹ̀ fún ẹni tí ó ti pé ọdún 21 di pọ́n-ùn 12 àti pẹ́nsì 21. Àwọn oníjìbìtì náà kò gbẹ́yìn. Ìjọba ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ sọ pé láàárín oṣù Keje ọdún 2022 àti oṣù Kejìlá ọdún 2024, òun gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìtọ́jú tí ó lé ní 470. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n ní olùtọ́jú kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pátápátá mọ́ olùtọ́jú tuntun láti òkèèrè.

Àwọn kan ń yọ̀ sí èyí pé àwọn nọ́ọ̀sì yóò jókòó wàyí. Jókòó síbo? Ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ kò tíì di ẹni tí wọ́n gbà sílé. Yóò lọ ta aṣọ, yóò lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì, yóò wá ilẹ̀ mìíràn tí yóò gbà á. Egan kò ní rí i.

Ìtàn sì wà pé ẹni tí ó lọ lè padà. Kofoworọ́lá Àbẹ̀ní Pratt kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ́nù, ó padà sílé ní ọdún 1954, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ Mátírọ́nù ní UCH Ìbàdàn. Àkàbà wà nígbà náà tí nọ́ọ̀sì lè gùn.

Àwọn àgbà kan ṣì ń sọ pé gbígbé òbí fún àjèjì tọ́jú kì í ṣe àṣà Yorùbá, nítorí náà kò yẹ kí ìjọba dá sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù. Ilé àwọn arúgbó ti ìjọba ti wà ní Yábàá tipẹ́. UCH ti ní ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà láti ọdún 2012. Òfin tí ó dá ibùdó ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ jẹ́ ti ọdún 2017, òfin adójútòfò ìlera ọdún 2022 sì ka àwọn arúgbó mọ́ àwọn tí ó yẹ kí àpò ìjọba ràn lọ́wọ́. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹ wá èyí tí ó ti gba Egan kọjá ní ìrísí owó oṣù fún ẹni tí ń yí baba padà ní agogo mẹ́ta òru. Àṣà tí wọ́n ń tọ́ka sí pàápàá, obìnrin ni ó ń gbé e lórí: ìyàwó ilé, àbúrò tí kò tíì lọ́kọ, ọmọ-ọmọ tí wọ́n yọ kúrò nílé ìwé. Wọn kò sanwó fún wọn, nítorí náà ni wọ́n ṣe rò pé kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lè yọ ìmúkúrò òṣìṣẹ́ 25 yẹn fún iṣẹ́ ìtọ́jú ní ìjókòó kan. HEFAMAA, àjọ tí ń ṣàyẹ̀wò ilé ìwòsàn ní ìpínlẹ̀ Èkó, lè pàṣẹ kí gbogbo ilé ìtọ́jú arúgbó lẹ orúkọ àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ ara ògiri àbáwọlé, kí ìdílé lè mọ ẹni tí wọ́n ń sanwó fún. Ìlera Èkó lè bẹ̀rẹ̀ sí í san owó nọ́ọ̀sì tí ń lọ sílé tọ́jú ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá dúbúlẹ̀, nítorí pé ó dín ju owó egbò tí ó ti jẹrà lọ. Ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí, kí wọ́n kọ́ ọ fún iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́, kí wọ́n pè é ní orúkọ iṣẹ́ rẹ̀, kí nọ́ọ̀sì gidi máa darí rẹ̀, kí ipò àti owó nọ́ọ̀sì náà sì fi hàn bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ tí ó wà ní Manchester àti Houston kò sì gbọdọ̀ fi gbogbo rẹ̀ ti ìjọba. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe iṣẹ́ yìí gan-an níbi tí wọ́n wà. Wọ́n mọ iye tí wọ́n ń gbà fún wákàtí kan, wọ́n mọ ọjọ́ ìsinmi tí wọn kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi du àwọn, wọ́n mọ̀ pé ènìyàn méjì ni ó ń gbé arúgbó. Bí wọ́n bá tún pe ilé lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n sì rí ojú baba lórí fóònù, kí wọ́n ní kí wọ́n yí fóònù náà sí ẹni tí ó dì í mú, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìgbà tí ó sùn kẹ́yìn.