Iṣẹ́ A Máa Pani

"Iṣẹ́ kì í pani" ni wọ́n fi ń dá àwọn dókítà ọ̀dọ́ lóhùn bí wọ́n bá ní ó ti rẹ àwọn. Ọ̀rọ̀ náà ti wá di ìdánilẹ́kọ̀ọ́ báyìí. Wọ́n á kó wọn jọ sí gbọ̀ngàn, wọ́n á ní kí wọ́n máa mí kanlẹ̀, kí wọ́n máa sùn dáadáa, kí wọ́n ní ìfaradà. Ta ni wọ́n ń sọ fún pé kó máa sùn? Ẹni tí kò rí ẹni gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ a máa pani. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, dókítà ọ̀dọ́ kan ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Èkó ṣubú, ó sì kú, lẹ́yìn iṣẹ́ tí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó ṣe fún wákàtí 72 láìdúró. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wákàtí 72 yìí ni iṣẹ́ dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá ní odindi ọjọ́ méje. Kì í ṣe pé ara àwọn ti ọ̀hún kò le tó. Èèyàn wà níbẹ̀ tí yóò gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ni.

Ẹ wo dókítà tó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ Sátidé. Títí di òru ọjọ́ Àìkú, orí àga ló ti ń tòògbé. Nọ́ọ̀sì jí i nítorí ọmọ kan tí gìrì gbé. Iná ti lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ló fi ń wá iṣan lápá ọmọ náà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ṣírò ìwọ̀n oògùn lẹ́ẹ̀mejì, méjèèjì kò bára mu. Ìfaradà wo ni yóò tún ìṣirò yẹn ṣe? Èèyàn ni kò pọ̀ tó.

Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá, nígbà tó kọ irú àárẹ̀ yìí sínú ìwé tó fi ń to àwọn àìsàn ní 2019, kò pè é ní àìsàn. Ó ní wàhálà ibi iṣẹ́ tí wọn kò bójú tó ló ń fà á. Ibi iṣẹ́ ló nàka sí.

Ní 2025, Mínísítà Ìlera, Muhammad Ali Pate, sọ pé dókítà tó lé ní 16,000 ló ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje. Iṣẹ́ wọn kò bá wọn wọ bàálù. Orí àwọn tó kù ló já lé.

Àwọn kan ní àwọn dókítà àgbà ṣe irú iṣẹ́ àìsinmi yìí nígbà tiwọn. Àwọn tó kú sẹ́nu rẹ̀ kò sí ńlẹ̀ láti jẹ́rìí. Àwọn mìíràn ní kò sówó láti gba èèyàn kún wọn. Mínísítà yìí kan náà ló ní kíkọ́ dókítà kan ń gbà ju dọ́là 21,000 lọ. Ṣé ti owó tó ń bá àwọn tó ń lọ jáde yìí kò dun ẹnikẹ́ni ni?

Èyí tó ń bíni nínú jù ni ti 2023, nígbà tí aṣòfin kan, Ganiyu Johnson, gbé àbádòfin wá sílé aṣòfin pé kí dókítà má gba ìwé àṣẹ tó kún àfi tó bá ti ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún nílé. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó sì yege ní ìpele yẹn. Ilé ń jó, ìlẹ̀kùn ni wọ́n fẹ́ tì mọ́ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Oníṣirò owó ń lọ, oníkọ̀ǹpútà ń lọ, ta ló dá wọn dúró?

Èèyàn ni kò pọ̀ tó. NARD, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà, ti bèèrè títí pé bí dókítà kan bá lọ, kí wọ́n gba ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ kíákíá. Kí ìjọba ṣe é, kí wọ́n sì fi iye wákàtí tí dókítà lè ṣe láìsinmi sínú òfin. Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn ní wọ́ọ̀dù, bí dókítà bá ń dá yín lóhùn bí ẹni tó ń sùn, ẹ má bá a jà. Ẹ lọ bá ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn, kí ẹ bi í pé ìgbà wo ni dókítà yìí ti sùn kẹ́yìn, àti pé ta ló yẹ kó ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.