Lílù Ọkàn Kì í Ṣe Ìfúnpá: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọ̀já Àyà àti Aago Ìgbàlódé

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin baálé ilé gbogbo, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ dá lórí ohun èlò kan tí ó ti ń wọ ilé wa láti ìdálẹ̀. Ní Ayépé wa yìí, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Odógbolú àti ní Ìjẹ̀bú-Òde, agbo ilé tí kò ní ọmọ ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà kò pọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá wálé fún Iléyá àti Ojúde Ọba, tàbí fún Kérésìmesì, lára ẹ̀bùn tí wọ́n ń kó wá fún òbí nísinsìnyí ni aago ọwọ́ ìgbàlódé tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní smartwatch. Àwọn mìíràn a tún fi ọ̀já kan kún un, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń dì mọ́ àyà lábẹ́ aṣọ, tí ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, tí ó sì ń fi iye náà ránṣẹ́ sí aago. Inú òbí a dùn, àdúrà a sì pọ̀. Èmi náà a máa bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ń tẹ̀lé ìdùnnú yìí nínú àwọn ilé kan kò tẹ́ mi lọ́rùn, òun ni mo sì fẹ́ kí a yẹ̀ wò.

Ó ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ìyá: "Ìfúnpá mi ti wálẹ̀, ó ti di 72." Bí mo bá béèrè ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọn a na ọwọ́ sí mi kí n wo ojú aago. Bí mo bá tún béèrè oògùn tí wọ́n ní kí wọ́n máa lò lójoojúmọ́, wọn a ní àwọn ti dá a dúró láti ìgbà tí aago ti ń sọ pé ara àwọn le. Ibẹ̀ ni ewu wà. Iye tí ó wà lójú aago náà kì í ṣe ìfúnpá rárá. Iye ìgbà tí ọkàn lù láàárín ìṣẹ́jú kan ni. Ọkàn ènìyàn lè máa lù ní ìgbà 72 gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, kí ìfúnpá rẹ̀ sì wà ní 190 lórí 110, kí àrùn rọpárọsẹ̀ sì máa bọ̀ wá bá a láìkan ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ omi tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. A lè ka iye ìgbà tí a tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kíkà yẹn kò lè sọ fún wa bí agbára tí omi fi ń ti ara páìpù ti pọ̀ tó. Bí páìpù bá ti há, omi a máa fipá tì í bí a kò tilẹ̀ yára tẹ̀. Lílù ọkàn ni iye ìgbà tí a tẹ ẹ̀rọ. Ìfúnpá ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan. Nítorí náà ni iye ìfúnpá ṣe máa ń jẹ́ méjì, ọ̀kan lórí èkejì, nígbà tí iye lílù ọkàn jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ fi èyí ṣe àmì. Bí ohun èlò kan bá fi iye kan ṣoṣo hàn yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ọkàn, kò tíì sọ nǹkan kan nípa ìfúnpá.

Orírun ohun èlò méjèèjì kò tilẹ̀ papọ̀. Ní ọdún 1896 ni Scipione Riva-Rocci, dókítà ará Ítálì, gbé ọ̀já apá tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí jáde. Ní ọdún 1905, Nikolai Korotkoff ará Rọ́ṣíà fi kún un pé kí a máa tẹ́tí sí ìró ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan apá bí atẹ́gùn náà ti ń dínkù. Ibẹ̀ ni iye méjì tí nọ́ọ̀sì ń kọ sínú káàdì yín ti wá. Ọ̀já àyà ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹ̀rọ tí ń ka iná mànàmáná inú ọkàn, iṣẹ́ tí Willem Einthoven ará Netherlands gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní ọdún 1924. Ilé-iṣẹ́ Polar, tí a dá sílẹ̀ ní Finland ní ọdún 1977, ni ó sọ ọ́ di ohun tí eléré ìdárayá lè dì mọ́ àyà láìsí wáyà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Fún àwọn tí ń sáré ni wọ́n ṣe é. A kò ṣe é láti máa fi tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹnìkan lè béèrè pé, nígbà tí aago fúnra rẹ̀ ń ka ọkàn, kí ni a tún ń wá lọ sí ìdí ọ̀já? Ìbéèrè tí ó dára ni. Bí ẹ bá yí aago náà dojú dé, ẹ ó rí iná aláwọ̀ ewé tí ń tàn lábẹ́ rẹ̀. Iná yìí ni ó ń wọ inú awọ ọrùn ọwọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ya wọ inú iṣan tí ó sì ń fà sẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ tí ń padà sínú aago a máa pọ̀, a sì máa dínkù. Ìyàtọ̀ yìí ni aago ń kà. Bí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, kíkà náà a máa sún mọ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyá tí ń yan gàrí Ìjẹ̀bú lórí agbada, tí igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí apá rẹ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀ láìdúró, tí òógùn sì ń ṣàn. Aago a mì lọ́rùn ọwọ́, ìmọ́lẹ̀ a máa gba abẹ́ rẹ̀ jáde, ó sì lè jẹ́ pé mímì ọwọ́ ni aago yóò máa kà bí ẹni pé lílù ọkàn ni. Bákan náà ni ti ẹni tí ń gún iyán. Àwọn tí ń sáré pàápàá mọ̀ pé aago a máa ṣi ìgbésẹ̀ ẹsẹ̀ kà mọ́ lílù ọkàn nígbà mìíràn.

Ọ̀já àyà kì í lo ìmọ́lẹ̀. Kí ọkàn tó lù, iná mànàmáná kékeré kan a kọ́kọ́ gba inú ẹran ara rẹ̀ kọjá, ọ̀já náà a sì gbà á láti ara awọ àyà. Mímì ọwọ́ kò kàn án, àwọ̀ ara kò sì kàn án. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí kì í ṣe kékeré fún àwa ènìyàn dúdú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde tí ó fi hàn pé ẹ̀rọ orí ìka tí ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ máa ń ṣìnà lára aláwọ̀ dúdú ju lára aláwọ̀ funfun lọ. Ẹ̀rọ yẹn yàtọ̀ sí aago, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń lò. Ní tèmi, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù nígbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí eré ìdárayá, ọ̀já àyà ni kí ó gbójú lé.

Lílò rẹ̀ kò le. Ẹni tí ó ti pọn ọmọ rí ti mọ ìdajì rẹ̀. Ẹ fi omi díẹ̀ tọ́ ojú ọ̀já tí yóò kan ara, nítorí ojú gbígbẹ kì í gba iná ọkàn dáadáa, pàápàá ní àkókò ọyẹ́. Ẹ dì í sí abẹ́ ọmú gan-an, kí ó fún tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní yọ̀ wálẹ̀, kí ó má sì dí èémí. Ẹni tí a ti fi ẹ̀rọ sí lára láti máa ran ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́ ní láti béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ó tó dì í. Lẹ́yìn ìlò, ẹ fi omi ṣan iyọ̀ òógùn kúrò lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ju gbogbo ìyókù lọ: bátìrì pẹlẹbẹ roboto bíi bọ́tìnnì ni ó sábà máa ń wà nínú ọ̀já náà. Bí ọmọ bá gbé e mì tí ó há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè jó ibẹ̀ láàárín wákàtí méjì péré. Ẹ má ṣe fi ipá mú ọmọ bẹ́ẹ̀ bì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ ìlera a máa yọ ọjọ́ orí ènìyàn kúrò nínú 220 láti fojú díwọ̀n ibi tí lílù ọkàn rẹ̀ lè ga dé. Fún ẹni ọdún 40, ó jẹ́ 180. Eré ìdárayá tí ó mọ níwọ̀n ni èyí tí ó bá gbé ọkàn dé ìdá 64 sí 76 nínú ọgọ́rùn-ún iye yẹn, èyí tí í ṣe nǹkan bíi 115 sí 137. Fún ẹni ọgọ́ta ọdún, ó jẹ́ nǹkan bíi 102 sí 122. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà ṣe irú eré ìdárayá bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ lọ sí ọjà wà lára rẹ̀. Ẹni tí kò ní ọ̀já kò pàdánù púpọ̀: bí ẹ bá ń rìn tí ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ẹ ti dé ibi tí ó yẹ.

Ìṣirò yìí kò bá gbogbo ènìyàn mu. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà, bíi atenolol àti propranolol, tí ń dín lílù ọkàn kù. Ẹni tí ń lò wọ́n lè rí 58 lójú aago, kí ó sì rò pé òun ti gba ìwòsàn, nígbà tí ó jẹ́ pé oògùn ni ó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá dá oògùn náà dúró lójijì, ìfúnpá lè fò sókè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ti aláboyún tún yàtọ̀: ọkàn rẹ̀ a máa yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó lè fi 10 sí 20 lé sí i, ìyẹn kì í sì í ṣe àìsàn. Ohun tí ó yẹ kí aláboyún bẹ̀rù ni ìfúnpá tí ó dé 140 lórí 90, orí fífọ́ líle, ojú ṣíṣú àti ojú wíwú, nítorí wọ́n lè jẹ́ ìkìlọ̀ gìrì tí ń pa ìyá pọ̀ mọ́ ọmọ. Kò sí ọ̀já àyà tí ó lè rí èyí. Ọ̀já apá ni ó ń rí i.

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ aago àti ọ̀já yìí, ti òyìnbó ni, kí a pa á tì. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Bí ọkàn bá ń lù ju 100 lọ nígbà tí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́, tí kò sì dínkù, tàbí tí ó ń lù ségesège, ó dára kí ohun kan ta á lólobó kí ó lè lọ rí dókítà. Àwọn tí mo ń bá wí ni àwọn tí ń ta aago olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ní ó ń wọn ìfúnpá, ó ń wọn ṣúgà, ó ń wọn ohun gbogbo. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo aago tàbí òrùka tí a ní ó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láìgún awọ, nítorí àjọ náà kò tíì fọwọ́ sí ọ̀kankan nínú wọn.

Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru lágbàáyé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí kò mọ̀ pé àwọn ní in. Nítorí náà, bí owó ilé bá mọ sí ẹyọ ohun èlò kan, èrò tèmi ni pé ẹ̀rọ ìwọn ìfúnpá tí ó ní ọ̀já apá ni kí a kọ́kọ́ rà. Bí owó náà kò bá sí, ẹ lọ sí ilé ìlera ìjọba tí ó sún mọ́ yín kí wọ́n wọ̀n ọ́n fún yín. Kí a tó wọ̀n ọ́n, ẹ má jẹ obì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, ẹ gbé apá lé tábìlì, ẹ má sì sọ̀rọ̀. Ẹ kọ iye méjèèjì sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ tí a wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì mú ìwé náà dání nígbà tí ẹ bá ń lọ rí dókítà.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, ẹ ṣeun. Kí ẹ tó ra aago mìíràn, ẹ pe ìyá yín lórí fóònù, kí ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n wọn ìfúnpá wọn kẹ́yìn àti iye méjì tí wọ́n bá níbẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ẹ̀rọ ọlọ́já apá ránṣẹ́, ẹ ní kí ẹnìkan nílé fi téèpù aránṣọ wọn yíká òkè apá wọn, nítorí ọ̀já tí ó kéré ju apá lọ máa ń fi ìfúnpá hàn ju bí ó ti rí lọ. Ẹ kọ iye sẹ̀ǹtímítà náà sílẹ̀, kí ẹ fi wé èyí tí wọ́n kọ sí ara páálí ẹ̀rọ náà, kí ẹ tó sanwó.