Ẹ yé wa jíìpù wọnú odò

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n bá àwọn dẹ́rẹ́bà agbègbè wa sọ̀rọ̀, láti Ọ̀sì títí dé Ìlọ́fà.

Jíìpù tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà ló ń bá wa kó iṣu nígbà òjò. Tí ẹrẹ̀ bá bò ó tán, wọn a wà á wọnú odò lọ fọ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ọmọ tó ń bá mi wakọ̀ ti Ìlọrin dé, kò jẹ́ kí jíìpù tutù, odò ló gbà lọ tààrà. Nígbà tó yá, ariwo bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ mọ́tò. Mẹkáníìkì tú gíà ẹ̀yìn, óìlì ti funfun bí ẹ̀kọ mímu! Ó ní bí gíà tó gbóná bá bọ́ sómi tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a sún kì, a sì fa omi wọlé. Jíìpù ní irú gíà yìí níwájú, ó tún ní i lẹ́yìn. Owó iṣu mi bá a lọ.

Lókè òkun, ẹ̀rọ ló ń fọ mọ́tò. Awakọ̀ a fi gíà sí fíríì, a gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí búréèkì, ẹ̀rọ a sì máa fà á lọ. Síbẹ̀, ṣe ni omi ń dà sí i lára. Wọn kì í rì í sómi.

Ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ pọn omi wá fọ̀ ọ́ lórí ilẹ̀, jìnnà sódò. Àwọn ìyá wa ṣì ń pọnmi níbẹ̀. Ṣé óìlì mọ́tò ni ká máa mu ni?

Èmi ni tiyín,
Àgbẹ̀ kan, Ìlọ́fà