Agbára Sàró la fẹ́ rí, gbèsè Sàró ni wọ́n fi hàn wá

Bí ẹ bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa ọmọ SS2, ẹ má wulẹ̀ bú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn béèrè pé, "Ṣé apá kejì Aníkúlápó dùn?" Kí ẹ tó pa ẹnu dé, àwọn kan á ti máa pariwo pé Kúnlé Afọláyan ló ba fíìmù náà jẹ́, àwọn kan á ní ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ò mọ fíìmù wò. Fíìmù ti jáde tipẹ́, ẹjọ́ rẹ̀ ò tíì tán ní kíláàsì wa. Tèmi rèé: olùdarí yẹn ṣe ohun tó tọ́, àwa òǹwòran la béèrè ohun tí kò yẹ ká béèrè. Ibì kan wà tí òun náà ti jẹ̀bi o, màá dé ibẹ̀.

Fún ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ ò tíì wò ó, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Aníkúlápó àkọ́kọ́ jáde lórí Netflix ní ọjọ́ 30 oṣù September, ọdún 2022. Sàró, tí Kúnlé Rẹ̀mí ṣe, jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń hun aṣọ òfì, tó wá wá ọrọ̀ ajé sí Ọ̀yọ́. Òun àti Arọ́lákẹ́, olorì kékeré tí Bímbọ́ Adémóyè ṣe, ń yan ara wọn lálè. Àṣírí tú, wọ́n lù ú pa. Ẹyẹ àkàlà ló jí i dìde. Arọ́lákẹ́ já àdó tí ẹyẹ náà fi jí i gbà, àwọn méjèèjì bá sá lọ sí ìlú mìíràn. Níbẹ̀ ni Sàró ti ń fi àdó yẹn jí òkú. Ó lówó, ó gbayì, gbogbo ìlú ń kí i ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Nígbà tí ọmọ ọba kú, ó ní àfi kí wọ́n fún òun ní ọmọbìnrin ọba kóun tó jí i. Ọjọ́ yẹn gan-an ni agbára ò ṣiṣẹ́ mọ́, òun náà sì bá ikú lọ. Fíìmù yìí ló gba àmì-ẹ̀yẹ fíìmù tó dára jù lọ ní AMVCA ọdún 2023.

Apá kejì, tí wọ́n pè ní Rise of the Spectre, dé ní ọjọ́ 1 oṣù March, ọdún 2024. Wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́fà. Níbẹ̀, ọ̀run kọ̀ láti gba Sàró. Kí ló fà á? Àwọn tó jí dìde ṣì wà láyé nígbà tó yẹ kí wọ́n ti wà lọ́run. Wọ́n ní kó padà lọ mú wọn wá.

Ẹjọ́ tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn ọmọ kíláàsì wa àti ládùúgbò jẹ́ mẹ́ta. Àkọ́kọ́: Sàró ò jí òkú mọ́, irú superhero wo wá nìyẹn? Ìkejì: ẹ̀san ló yẹ kó wá gbà lára Arọ́lákẹ́. Ìkẹta: ọ̀rọ̀ ààfin Ọ̀yọ́ pọ̀ jù, ó ń súni.

Ẹ jẹ́ ká mú àkọ́kọ́. Lóòótọ́, Sàró ni superhero tiwa. Kò wọ aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn, kò fò lójú òfuurufú, àmọ́ agbára tó ní ju ti Superman lọ. Àbí èwo ló ju kéèyàn pe òkú kó dáhùn? Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé agbára náà kì í ṣe tiẹ̀. Ti àkàlà ni. Wọ́n já a gbà ni. Ó fi ohun tí kì í ṣe tiẹ̀ di ọlọ́rọ̀, kò sì béèrè rí pé ta ló máa san án. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí Sàró bá kàn padà dé pẹ̀lú àdó tuntun, tó tún ń jí òkú, tó tún ń gbowó, fíìmù kan náà la ó tún wò. Olùdarí kọ ìyẹn. Ó ní kí Sàró lọ san gbèsè. Ẹni tó ti ń dá ẹ̀mí padà ló wá ń gba ẹ̀mí, lọ́wọ́ àwọn èèyàn tó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju ìjà kíjà lọ.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára nìyí. Ẹ wo àdúgbò wa, láti Jakande títí dé ọ̀nà Ìkọ̀tún. Bí ọmọkùnrin kan tí kò níṣẹ́ bá gbé ọkọ̀ dé lójijì, ta ló ń béèrè ibi tó ti rí i? A ó máa pè é ní bọ̀ọ̀sì, àwọn ọmọ kékeré á máa sáré tẹ̀ lé e, àwọn àgbà mìíràn á máa ṣàdúrà fún un. Nígbà tó bá yá, tí nǹkan bá yíwọ́, a ó ní a ò mọ̀ ọ́n rí. Irú èyí ni wọ́n ṣe fún Sàró. Àwa náà sì jókòó síwájú fóònù, à ń bẹ olùdarí pé kó dá àdó padà fún un. Kò sẹ́ni tó béèrè ọ̀rọ̀ àwọn tí Sàró jí, tí wọ́n rò pé àwọn ti bọ́.

Ti Arọ́lákẹ́ ńkọ́? Àwọn ọmọkùnrin kíláàsì wa ti dá a lẹ́jọ́, wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Ó dáa. Ta ló já àdó gbà lẹ́nu àkàlà? Ta ló bá Sàró sá nígbà tí kò ní kọ́bọ̀? Lẹ́yìn tí owó dé, ta ló kó ìyàwó mìíràn lé e? Èmi ò sọ pé Arọ́lákẹ́ ò lẹ́bi, ó fi ọkọ sílẹ̀ láàfin. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ ka ẹ̀ṣẹ̀, ẹ jẹ́ ká ka ti ẹni méjèèjì.

Kì í ṣe àwa nìkan là ń bá olùdarí jà báyìí. Chadwick Boseman, tó ṣe T'Challa nínú Black Panther, kú ní oṣù August, ọdún 2020. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ fíìmù náà ní kí Ryan Coogler wá òṣèré mìíràn sípò T'Challa kí ìtàn máa lọ. Coogler kọ̀. Nígbà tí Wakanda Forever jáde ní November 2022, tí wọ́n tiẹ̀ wá ṣe àfihàn rẹ̀ níbí ní Èkó, òkú T'Challa ni wọ́n kọ́kọ́ sin, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló sì gba ipò. Àwọn kan bínú títí dòní. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ kíá, ta ni ì bá sunkún? Nígbà mìíràn, ohun tí òǹwòran ń béèrè kọ́ ni ìtàn nílò.

Ní ti ààfin Ọ̀yọ́ tí wọ́n ní ó ń súni, mo rò pé àwa náà ní ẹ̀bi díẹ̀. Nínú ìtàn, Baṣọ̀run ni olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè méje tó lágbára láti kọ ọba, tí ọba tí wọ́n bá kọ̀ sì gbọ́dọ̀ kú. Baṣọ̀run Gáà lo agbára yẹn títí tó fi di pé òun ni ìlú ń bẹ̀rù, kí Aláàfin Abíọ́dún tó ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún 1774. Bí èèyàn bá mọ èyí, tí Baṣọ̀run inú fíìmù bá wọlé, ara rẹ̀ á bù máṣọ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, àgbàlagbà tó wọ agbádá ló rí, á sì fọwọ́ yí fíìmù síwájú.

Mo ti ní màá dé ibi tí olùdarí ti jẹ̀bi. Ibẹ̀ rèé: ó rí ìtàn gidi, kò jókòó tì í. Gbèsè Sàró ni ọkàn fíìmù yẹn, àmọ́ ìdìtẹ̀ ìjòyè, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ìrìn àjò oríṣiríṣi kún un débi pé a ó wò ó pẹ́ ká tó tún rí Sàró. Mo fẹ́ kó dúró pẹ́ lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó wá mú. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí onítọ̀hún máa sọ fún un. Ìpín mẹ́fà tó fún ìyẹn dáadáa.

Ẹ rí i pé mo ti bá a wí, mi ò sì bú u. "Kò mọṣẹ́" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó wo fíìmù. Ẹni tó ṣe The Figurine ní 2009 àti October 1 ní 2014, tó jẹ́ ọmọ Adé Love tó ń ṣe sinimá Yorùbá kí ọ̀pọ̀ òbí wa tó mọ ohun tó ń jẹ́ sinimá, ṣé òun ni kò mọṣẹ́? Ẹ sọ ibi tó ti dùn yín, ẹ sọ ibi tí kò ti dára, ẹ sọ ìdí rẹ̀. Àwọn mìíràn tó ń bú fíìmù yìí, gígékúrú rẹ̀ ni wọ́n rí lórí status èèyàn. Lára wa sì ni àwọn olùdarí ọ̀la máa ti jáde. Bí ariwo agbára àti ẹ̀san nìkan la bá ń pa, ìyẹn náà ni wọ́n á máa gbé wá fún wa.

Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú mi, kó kọ tiẹ̀ wá fún Press Club, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tèmi níbí. Àmọ́ jọ̀ọ́, kó wo ìpín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán kó tó kọ ọ́.